Ohun tí ojú mi rí lórí Windows XP ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Láti Adó-Èkìtì:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Èmi máa ń kọ ètò kéékèèké fún àwọn ilé-ìwé tó ṣì ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀lé ní kí n bá wọn ṣe èyí tó máa ṣírò owó ilé-ìwé, táá sì tẹ rìsíìtì. Windows XP, ẹ̀dà Windows àtijọ́ kan, ló wà lórí ẹ̀rọ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ra tuntun. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ò ti bójú tó XP mọ́, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi í ṣe kò tíì jù ú lọ.

Mo gbé XP sínú VirtualBox, ètò tó ń jẹ́ kí Windows mìíràn ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ẹni bíi pé orí ẹ̀rọ tirẹ̀ ló wà, lórí laptop mi, mo fi ọjọ́ mẹ́ta dán ètò náà wò. Ó ń lọ geere. Mo wọ mọ́tò, ó di Ìkọ̀lé. Mo ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, mo ṣí ètò náà, ó yọjú, ó sì pa dé lójú ẹsẹ̀. Mo tún un ṣí, bákan náà ni. Màmá bọ́ọ̀sà wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Àbí ẹ̀rọ wa ló ti darúgbó jù?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí ẹ̀rọ wọn kọ́ ló jẹ̀bi.

Pentium III ni ṣíìpù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn. Ilé ni mo dé kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ṣíìpù yẹn ò ní àwọn àṣẹ tí wọ́n ń pè ní SSE2, Pentium 4 ló kọ́kọ́ gbé wọn dé. Láti Visual Studio 2012, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń kọ ètò, sì rèé, bí o kò bá sọ pé o ò fẹ́, SSE2 ni yóò fi kọ̀ǹpáìlì ètò 32-bit (irú èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò) fún ọ, ìyẹn ni pé yóò fi sọ ohun tí o kọ di èyí tí ṣíìpù lè ṣe. VirtualBox ò lè fi àṣìṣe yìí hàn mí láéláé, torí ṣíìpù laptop mi gan-an ni XP inú rẹ̀ ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa: Windows àtijọ́ lẹ dán wò níbẹ̀, ẹ ò tíì dán ẹ̀rọ àtijọ́ wò.

Mo fi /arch:IA32, àṣẹ tó ń sọ pé kó má lo SSE2, tún ètò náà kọ̀ǹpáìlì, àtòun àti láíbírì (àkójọ kóòdù) tó gbára lé. Mo wá ra Pentium III àlòkù kan. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ló wà títí dòní, kò sì sí ohun tó ń jáde lọ́wọ́ mi tí kò kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá.

Láti Ìjerò-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó-nára. Ní tèmi, pípín ètò fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ni wàhálà wà. Fíláàṣì kan ṣoṣo ni mo fi ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ní ìkejì, fáírọ́ọ̀sì kó sí i, ó sọ gbogbo fáìlì di shortcut, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e dé ìkẹta. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ò fi ìṣẹ́jú kan bá mi jà, ìyẹn ló dùn mí jù. Síídì ni mo ń lò báyìí, mo máa ń tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan kún un. Mo tún máa ń kọ nọ́ńbà SHA-256 sára páálí rẹ̀, nọ́ńbà tó máa yí padà bí ohunkóhun bá yí padà nínú fáìlì. 7-Zip, ètò tí a fi ń di fáìlì pọ̀ tó sì lè ṣírò nọ́ńbà yẹn, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí XP, òun la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú oníṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé tàwọn màmá Ìkọ̀lé wá ṣiṣẹ́?

Láti Adó-Èkìtì:

Ó ṣiṣẹ́, àbúrò. Rìsíìtì àkọ́kọ́ jáde, àmọ́ déètì ọdún 2001 ló wà lórí rẹ̀: bátìrì CR2032 inú ẹ̀rọ, èyí tó ń jẹ́ kí aago rẹ̀ máa rìn, ti kú. Mo sáré lọ ra òmíràn lọ́jà. Ìkejì jáde pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà gan-an, màmá sì fi í sínú fáìlì.