Ọkọ mi ní òun ò ní pẹ́ láyé, òun fẹ́ fẹ̀yìntì ní 60

Ìyá Ayọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe tíṣà, wọ́n ti fẹ́ẹ́ pé 60. Wọ́n ní àwọn ń lọ, pé ọkùnrin ilé wọn kì í kọjá 65, owó tí àwọn bá kó lẹ́ẹ̀kan ni tàwọn. Àbúrò wọn obìnrin ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, ẹni tó jẹ mí lówó aṣọ ẹbí láti èṣí! Ìyá wọn tó ń bá wa gbé náà ní kí n má dá wọn dúró.

Àlàbá: Ìjọba àpapọ̀ ni àbí ìpínlẹ̀? Òfin tí Buhari buwọ́ lù ní 2022 ní tíṣà lè ṣiṣẹ́ dé 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Kí lẹ ń ka owó ọkọ fún? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Bọ̀dá Tíṣà: Kí wọ́n má sáré o. Nígbà tí èmi fẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ tí mo ṣe ṣáájú 2004, kí ètò ìfẹ̀yìntì tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ò tètè wọlé. Fáìlì abẹ́ apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán.

Ìyá Ayọ̀: Mi ò ka owó ẹnikẹ́ni! Èmi ni mò ń san owó iléèwé àbígbẹ̀yìn wa.

Àlàbá: Wọn ò lè kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku èyí tí wọ́n á máa gbà díẹ̀díẹ̀. Tó bá wà lọ́wọ́ PFA, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ìyókù di ti ajogún tí wọ́n bá kú. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni wọ́n kó o fún, wọ́n á máa gbà á títí dọjọ́ ikú. Bí wọ́n bá kú kí ọdún 10 tó pé, ẹbí á gba ti ọdún tó kù. Ìjọba wo ni, ẹ ò tíì dáhùn?

Ìyá Ayọ̀: Àpapọ̀.

Bọ̀dá Tíṣà: Ìyá wọn ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó?

Ìyá Ayọ̀: 91. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà láìlo jígí. Ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n.

Bọ̀dá Tíṣà: Kí ló pa bàbá?

Ìyá Ayọ̀: Ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ríru pa.

Bọ̀dá Tíṣà: Ṣé mọ́tò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni?

Àlàbá: Ṣé àwọn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìyá Ayọ̀: Wọ́n ní in. Wọ́n ti pa oògùn tì, wọ́n ní kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń pé.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ ò sì sọ̀rọ̀ látàárọ̀?

Àlàbá: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná. Ọsibítù lọ́la. Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan?

Ìyá Ayọ̀: Wọ́n ti gbà á wálé. Wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí i.