Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi FEM síbi ìgbéyàwó yìí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. DJ ni mí, Ìjàpọ̀ ní Akúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo níṣẹ́ ìgbéyàwó ní ìlú Oǹdó ní Sátidé. Ọkọ ìyàwó ní FEM ti Davido ni àwọn máa fi jó wọlé, dandan ni. Ó ní orin tó ń lọ nígbà tí àwọn pàdé ni. Àfi bí àbúrò ìyàwó ṣe pè mí lálẹ́ àná. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin bá wàhálà oṣù Kẹwàá 2020 lọ. Láti ìgbà náà, tí màmá wọn bá gbọ́ orin yẹn níbikíbi, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Ọkọ ò mọ̀, ó sì ti san ìdajì owó.

DJ Òkè-Àró: Ẹni tó sanwó ló ni orin. Fi sí i jàre. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọmọ FUTA: Ẹ̀gbọ́n, ti ìṣẹ́jú kọ́ o. Nígbà tí orin yẹn jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2020, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Davido lẹ́yìn ló ń bá wí: ẹ panu mọ́ fẹ́m. Kò tíì pé oṣù kan tí a tú síta nítorí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ ọ̀dọ́. Tí olóṣèlú bá ti lóun fẹ́ bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, FEM ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, sójà yìnbọn ní Lẹkki. Èmi ṣì ń jó o o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò sin ẹnì kankan.

Tíṣà Àgbà: Ti èmi kì í ṣe FEM. Orin orílẹ̀-èdè ni àwọn ọmọ yẹn ń kọ ní Lẹkki lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó sílẹ̀, àsíá lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń darí orin yẹn láàárọ̀ níwájú ọmọ iléèwé, ojú oorun ni mo fi ń kọ ọ́ nígbà mìíràn. Lẹ́yìn Lẹkki, tí a bá ti dé ibi pé kí làálàá àwọn akọni wa má já sásán, ọ̀fun mi á dí. Nígbà tí wọ́n dá wa padà sí orin orílẹ̀-èdè ti 1960 ní oṣù Karùn-ún 2024, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kùn. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́.

Ọmọ FUTA: Ẹ̀yin náà, Tíṣà! Ta ló tíì mọ ti 1960 yẹn dé ìdajì?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀wọ̀: Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier níbí. Ó kéré tán, èèyàn 40 ló kú. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ò jìnnà síbẹ̀. Orin kan wà tí ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń kọ ní Pẹ́ńtíkọ́sì. A ò kọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó fòfin dè é, kò kàn sẹ́ni tó dá a. Ọmọ mi, má pe ọkọ o. Àlejò ni ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jẹ́ kí àbúrò yẹn sọ fún ìyàwó, kí ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ló tilẹ̀ dé tí ọkọ ò tíì gbọ́?

Oníbèéèrè: Mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mà. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun yẹn gan-an ló fi FEM sórí fóònù òun, òun ò lè ṣe ìgbéyàwó kó má dún. Ẹkún gbà á, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Wọ́n ti wá jọ sọ ọ́ báyìí: màmá ló máa mú orin ìwọlé, FEM á dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbé màmá lọ sílé.

DJ Òkè-Àró: Owó tó kù ńkọ́?

Oníbèéèrè: Ó ti wọlé láàárọ̀ yìí.