"Àṣẹ aláìníbí" kọ́ o: Kant, ọgbọ́n àti làákàyè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Lórí bá a ṣe máa túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Kant, onírònú ìjìnlẹ̀ (philosopher) ará Jámánì, sí Yorùbá, mo rí i pé ẹ ti fẹ́ẹ̀ gbà pé "àṣẹ aláìníbí" la ó máa pe categorical imperative ẹ̀, ìyẹn ohun tó di dandan kéèyàn ṣe láìka ohun tó ń fẹ́ sí, torí pé kò sí "bí o bá fẹ́ báyìí" nínú ẹ̀. Àlàyé yẹn yé mi, àmọ́ ẹ bá mi pè é sétí ìyá àgbà kan kẹ́ ẹ wò ó, ohun tó máa bi yín ni pé ta ló yàgàn.

Ká tiẹ̀ fojú fo ìyẹn, "àṣẹ" gan-an ló ń dà mí láàmú. Àṣẹ lédè wa, ẹnì kan ló ń pa á. Ọba pàṣẹ, sójà pàṣẹ, Ọlọ́run pàṣẹ, ẹni tí wọ́n pa á fún á sì máa wojú ẹni tó pa á. Ohun tí Kant kọ ní 1785 ò rí bẹ́ẹ̀, ó ní kò sẹ́nì kankan níta tó ń pa á, làákàyè èèyàn fúnra ẹ̀ ni. Ẹ wo ọlọ́jà tó fi ṣàpẹẹrẹ: iye kan náà ló ń tajà fún gbogbo èèyàn, kódà tó bá jẹ́ ọmọdé tí ò mọ iye ọjà ló wá rà, kò ní fowó lé e. Gbogbo wa á ní ó ṣe dáadáa. Kant ní ẹ dúró ná, ṣé torí pé ó yẹ ló ṣe ṣe é àbí torí kí kọ́sítọ́mà má baà sá? Ọjọ́ tí ò bá sẹ́ni tó máa mọ̀ ń kọ́?

Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ ẹni tó ní "ọgbọ́n" ni ká fi túmọ̀ reason nìyẹn, "làákàyè" ni mo fẹ́. Ọlọ́jà yẹn gbọ́n dáadáa, ọgbọ́n ló sọ fún un pé ìyá ọmọ yìí ń bọ̀ lọ́la. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí wà, ta ló gbọ́ làákàyè ẹ̀wẹ́ rí?

Ẹni tó ní "a kì í" tiwa, bí ìgbà tá a bá ní "a kì í ṣe é", ti tó láti fi túmọ̀ categorical imperative, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tá à ń gba ọmọ ló ní "torí" nídìí, má jalè torí ìtìjú, má ṣèkà torí ọ̀run, àmọ́ "a kì í ṣe é" ò ní torí kankan. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbà pé èé ṣe, "bẹ́ẹ̀ la bá a" lẹ máa gbọ́, ìyẹn ò tó fún Kant, ó fẹ́ kí làákàyè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ayé lè fi ṣòfin.

"Ọ̀ranyàn làákàyè" ni tèmi fún categorical imperative. Mo mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí á ní ti Ọlọ́run ni ọ̀ranyàn, ìrun ọ̀ranyàn, ààwẹ̀ ọ̀ranyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi làákàyè tì í lẹ́yìn.

Autonomy, ìyẹn kí làákàyè èèyàn fúnra ẹ̀ máa fún un lófin, wá ńkọ́, tẹ́nì kan kọ ní "òmìnira"? Ó tì o. Òmìnira la gbà ní 1960, ẹni tó gbòmìnira sì lè máa ṣe bó ṣe wù ú. Ní ti Gíríìkì tí wọ́n ti mú autonomy wá, ara ẹni àti òfin ló pa pọ̀ níbẹ̀. "Ìfúnra-ẹni-lófin" ni mo máa kọ, ó gùn díẹ̀, àmọ́ òfin ò bọ́ sọnù nínú ẹ̀.