Dókítà sports medicine (ti ìfarapa eré ìdárayá) fún orókún àbúrò mi, ṣé a lè rí i l'Ékìtì?

Ọmọ Ìjerò: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ádó, ó fẹ́ yí padà lójijì báyìí, orókún ẹ̀ dún pọ́! Ẹnì kankan ò dẹ̀ fara kàn án. Kílẹ̀ tó ṣú ó ti wú débi pé ṣòkòtò ò gbà á mọ́. A ya ẹ́síréè, wọ́n ní eegun ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orókún yẹn á kàn yẹ̀. Wọ́n ní ká wá dókítà sports medicine, màmá wa ní ṣé bọ́ọ̀lù náà tún ní dókítà tiẹ̀ ni, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun.

Báyọ̀ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ gbọ́ ti màmá jàre. Omi gbígbóná àti òrí ni wọ́n fi ra tèmi.

Fisíò Ìdó: Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, eegun wo ni bàbá fẹ́ tò nígbà tí eegun ò ṣẹ́? Kó dún, kó wú lọ́jọ́ náà gan-an, kó tún máa yẹ̀, ACL ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, iṣan tó so eegun itan mọ́ ti ojúgun nínú orókún. Ẹ́síréè ò lè fi í hàn, MRI ni, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣan inú ara, àmọ́ dókítà tó mọṣẹ́ á ti fọwọ́ mọ̀ ọ́n: á ká ẹsẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, á di itan mú, á fa ojúgun síwájú, tó bá kàn ń tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó ti já.

Dókítà tẹ́ ẹ̀ ń wá yẹn kì í sábà ṣe iṣẹ́ abẹ, òun ló máa ń yẹ èèyàn wò tá á ṣètò ìtọ́jú pẹ̀lú àwa fisíò tá à ń fi eré ìmárale tọ́jú ara. Wọn ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa o, ẹ má torí ẹ̀ jókòó. Ẹ lọ bá dókítà eegun ní EKSUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó, tàbí Federal Teaching Hospital n'Ídó ńbí.

Ọmọ Ìjerò: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé á lè gbá bọ́ọ̀lù Kérésì?

Fisíò Ìdó: Kérésì èwo? Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán oṣù 9, itan ẹ̀ dẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó 90% ti ẹsẹ̀ kejì. Itan máa ń tètè rù, ẹ fi téèpù wọn méjèèjì wò. Kó má bàa rù jù, kó ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orókún lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó ka 5, kó tú u.

Báyọ̀ Ìkẹ́rẹ́: Èló ni MRI báyìí ná?

Fisíò Ìdó: Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ ná.