Kí lojú yín rí nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé títà?

Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òwò àkọ́kọ́ tí mo rò pé ó ti parí ni kò so èso. Olùrà ti fọwọ́ síwèé, ẹni tó ń tà náà ti fọwọ́ sí i, àsansílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í gbowó oṣù nídìí iṣẹ́ yìí. Àfi tí ilé bá kúrò lórúkọ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíì, tí ọ̀gá sì yọ tirẹ̀, kó tó kan èjẹ́ńtì.

Bẹ́ẹ̀ ni báǹkì tí olùrà fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ rán ẹni tó máa díyelé ilé wá. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọn yàrá, ó fìka tẹ ibi tí ògiri ti rọ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Iye tó kọ kéré sí iye tí a fẹnu kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ní a ta ilé náà ní 100, tí báǹkì fẹ́ yá olùrà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá díyelé e ní 90, orí 90 yẹn ni wọ́n máa ti ṣírò, 72 ni wọ́n sì máa gbé sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣètò láti mú 20 wá yóò wá 28. Olùrà tiwa ò ní in. Ẹni tó ń tà ní òun ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó tú ká. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tí mo lè bínú sí.

Ọ̀gá mi ò bá mi kẹ́dùn púpọ̀. Ó ní kí n lọ kó iye tí wọ́n ta àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò yẹn jọ, kí n tò ó sójú ìwé kan. Láti ìgbà náà, kí ẹni báǹkì tó dé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé lọ́wọ́. A kì í sọ iye tó máa kọ fún un o, ìyẹn lè kó bá èèyàn. Ṣùgbọ́n a lè fi òrùlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ hàn án. Mo sì máa ń ní kí lọ́yà kọ ohun tí a máa ṣe bí iye báǹkì bá kéré sínú àdéhùn.

Àbúrò Èjẹ́ńtì:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín tiẹ̀ dé ibi ìwé. Tọkọtaya kan ni mo ń mú káàkiri ní Sátidé-Sátidé. Mo mọ orúkọ ajá wọn. Ìyàwó ò fẹ́ ilé ìdáná tó ṣókùnkùn, ọkọ ò fẹ́ àtẹ̀gùn. Àfi bí mo ṣe rí wọn lórí Facebook, tí wọ́n dúró síwájú ilé tí èmi fúnra mi fi hàn wọ́n. Wọ́n ti lọ bá èjẹ́ńtì ẹni tó ń tà tààrà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó burú. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí kò síwèé kankan láàárín wa. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, èjẹ́ńtì tó ń lo àkójọ ilé títà tó wà lábẹ́ National Association of Realtors, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn èjẹ́ńtì ilé níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lákọsílẹ̀ pẹ̀lú olùrà kó tó mú un lọ wo ilé. Èmi ò dúró de òfin kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì:
Tèmi ò gùn. Ilé ogún ni, ọmọ mẹ́rin ló ni ín, àgbà wọn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí olùrà fẹ́ sanwó ni àbíkẹ́yìn pè pé òun ò tà. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Nísinsìnyí, kí n tó ya fọ́tò ilé kankan, mo ti béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí ìwé. Ẹni tó bá ní "ẹ má da ara yín láàmú, èmi ni ẹ̀gbọ́n wọn", òun gan-an ni mo máa ń bẹ̀ kó fún mi ní nọ́ńbà àwọn yòókù.