Omi eérú ni, kì í ṣe omi kánún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "àyẹ̀wò omi kánún" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń dá làpálàpá mọ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀ wò. Mo mọ ohun tó gbé yín débẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní potassium hydroxide ni wọ́n ń lò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà sì ń pe kánún ní potash. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló kún inú kánún tí à ń fi sí ẹ̀wà àti ewédú, kì í ṣe potassium. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. "Àyẹ̀wò omi eérú" ni èmi fara mọ́.

Eérú àti ìkòkò ni àwọn Òyìnbó fi sọ potash lórúkọ: wọ́n ń fi omi sẹ́ eérú igi, wọ́n sì ń se omi náà gbẹ nínú ìkòkò. Ta ni kò mọ ìyẹn nílé wa? Ìyá ìyá mi, lábúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀, a máa sun èèpo kòkó, a kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n luhò sí nídìí, a da omi lé e. Ohun tó ń kán sílẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí tíì, òun ló fi ń se ọṣẹ dúdú. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ìka mi ń yọ̀ bọ̀rọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, awọ rẹ̀ ti ń bó.

Iṣẹ́ kan náà ni potassium hydroxide ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, àfi pé tibẹ̀ mú jù. Wọ́n á ha etí làpálàpá níbi tó ti ń ràn lọ, tàbí abẹ́ èékánná tó nípọn, wọ́n á kó èérún rẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á kán an sí i. Awọ á yọ́; fọ́nrán olú tó ń fa làpálàpá, tó sá pamọ́ sínú rẹ̀, kò ní yọ́, máíkírósíkóòpù á sì fi í hàn bí òwú tó yẹ̀ka. Ti èékánná máa ń pẹ́ díẹ̀.

Kánún tún ń bà mí lẹ́rù. Ìyá tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á po kánún, á fi pa orí ọmọ. Ẹni tó mọ omi eérú kò jẹ́ dán an wò, ó mọ̀ pé ó ń bó ni lára.

"Kòkòrò làpálàpá" tí wọ́n ń pe ohun tó ń fà á náà, mi ò fara mọ́ ọn. Ìbátan olú tó ń hù lórí ìtí ọ̀pẹ ni. Ẹni tó gbọ́ "kòkòrò" á lọ ra kápúsù tetracycline, oògùn bakitéríà, kò sì ní ràn án lọ́wọ́ rárá. "Olú ara" ni mo ń lò.

"Fọ́nrán" tí mo lò lókè yẹn ńkọ́, ó tẹ́ yín lọ́rùn?