Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Highlander 2003 yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá jíìpù àtijọ́ kan tí màá máa wà nígbà tí ọkọ̀ mi bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tàbí tí mo bá ń lọ sí abúlé ìyá mi lásìkò òjò. Mo rí Toyota Highlander 2003 kan n'Íbàdàn, ẹ́ńjìnnì V6 3.0 (oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà mẹ́ta). Ara rẹ̀ mọ́, gíà rẹ̀ ń wọlé dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń tà á kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt rẹ̀ (bẹ́líìtì tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò kan náà) gbẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé ọ́ìlì máa ń dì bí ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn tí wọn ò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí mẹkáníìkì yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Àbí kí n kúkú wá oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.4, tó ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé tiyín kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú bátìrì rẹ̀?